Ọjà Èrò: Ṣe Èyí, Má Ṣe Ìyẹn

Owó àti ọjà la mọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ronú gan-an lórí ohun kan tí kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n: bí èrò ṣe ń kúrò lẹ́nu ẹnìkan bọ́ sétí ẹlòmíràn, àti ohun tí ìlú ń pàdánù bí wọ́n bá dí ẹnu kan. Mo máa ń gbọ́ tiwọn lórí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jìyà rẹ̀. Àwọn kan pàdánù iṣẹ́. Ẹ̀mí ni ẹlòmíràn pàdánù. Ìwọ tó ń kọ́ni, tó ń ṣe alága ìpàdé, tó ń ṣe olóòtú, tàbí tó kàn fẹ́ràn àríyànjiyàn, ohun tí mo rí kọ́ lára wọn rèé.

ṢE: Pe ẹni tí o rò pé ó ṣìnà wá, kí o sì gbọ́ ọ tán.

Ronald Coase, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Virginia, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1959 lórí bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń pín ìgbì rédíò. Ohun kan tó sọ nínú rẹ̀ bí àwọn ọ̀gá nídìí ètò ọrọ̀ ajé ní Chicago nínú. Wọ́n ní àṣìṣe gbáà ni, kó yọ ọ́ kúrò. Coase kọ̀. Wọn kò tìtorí ìyẹn da iṣẹ́ rẹ̀ nù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n wá ní kó wá sí Chicago wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ilé Aaron Director, ọ̀kan lára wọn, ni wọ́n ti pé jọ lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1960, bí ogún ènìyàn. Milton Friedman wà níbẹ̀, George Stigler náà wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fà kò le lójú lásán: bí ilé iṣẹ́ kan bá ń tú èéfín sí aládùúgbò rẹ̀ lára, kí ni ká ṣe? Arthur Pigou, ọ̀gá àgbà ní Cambridge láyé àtijọ́, ti kọ́ gbogbo wọn pé kí ìjọba bu owó orí lé ilé iṣẹ́ náà. Coase ní ẹ dúró ná. Bí àwọn méjèèjì bá lè jókòó dúnàádúrà láì ná wọn ní kọ́bọ̀, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn máa já sí, ẹni yòówù kí òfin gbè lẹ́yìn. Stigler sọ ọ́ nínú ìwé ìrántí ayé rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò, ogún wà lẹ́yìn Pigou, ọ̀kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn Coase, ìyẹn Coase fúnra rẹ̀. Friedman ló sọ̀rọ̀ jù. Ó gba ibí yọ, ó gba ọ̀hún yọ. Nígbà tó máa fi tó wákàtí méjì, gbogbo wọn pátá ti kó sẹ́yìn Coase.

Kì í ṣe Coase ni mo máa ń ronú kàn jù nínú ìtàn yìí. Àwọn ogún yẹn ni. Ẹni tó lórúkọ ni wọ́n, wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ Pigou kọ́ àìmọye ọmọ, síbẹ̀ wọ́n yí ìbò wọn padà lójú ara wọn, láàárín alẹ́ kan. Coase lọ kọ àlàyé náà ní kíkún nínú “The Problem of Social Cost”, ẹ̀bùn Nobel sì tọ̀ ọ́ wá ní 1991. Bí ìpàdé tìrẹ kò bá tíì yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà rí láti ọdún tí ẹ ti ń ṣe é, yẹ ọ̀nà tí ẹ gbà ń ṣe é wò.

MÁ ṢE: Má jẹ́ kí ẹni tó ń sanwó bá ọ yan ìdáhùn.

Ọdún 1943, ogun ń jà lọ́wọ́. Ní Iowa State College tó wà ní ìlú Ames, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lórí bí oúnjẹ yóò ṣe kárí Amẹ́ríkà títí ogun yóò fi parí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Oswald Brownlee ló kọ ìkarùn-ún. Ó ní májárínì (èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní bọ́tà tí a ń fi pa búrẹ́dì láàárọ̀) ṣara lóore bíi bọ́tà tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe, iṣẹ́ àti ohun èlò tó sì ń gbà kò tó ti bọ́tà rárá. Nítorí náà, kí ìjọba mú owó orí àti òfin tó ń há májárínì mọ́ kúrò.

Ní Iowa, ìpínlẹ̀ àwọn àgbẹ̀ onímàlúù! Àwọn tó ń ta wàrà yarí. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ lọ, wọ́n ní kí wọ́n kó ìwé náà nílẹ̀, ọ̀gá náà sì gbà fún wọn. Theodore Schultz, olórí ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé, kò lè gbà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ májárínì mọ́ lójú rẹ̀. Bí àwọn oníwàrà bá lè pa ìwé kan rẹ́ lónìí, ta ni kò ní lè pa òmíràn rẹ́ lọ́la? Ó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀ lọ́dún náà, ó kó lọ sí Chicago, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní 1944, ilé ẹ̀kọ́ náà tún ìwé pẹlẹbẹ ọ̀hún tẹ̀. Wọ́n fi omi tútù sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kò yí padà. Schultz gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979, òun àti Arthur Lewis, ọmọ erékùṣù Saint Lucia. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ames jẹ́ kó lọ nítorí bọ́tà.

Bí àjọ rẹ bá ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò tàbí ìjọba, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn kí owó tó wọlé pé wọ́n lè bi yín ní ìbéèrè, wọn kò lè bá yín kọ ìdáhùn.

MÁ ṢE: Má gbèjà kìkì ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ ọ.

Ní 1894, ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ Wisconsin fẹ̀sùn kan Richard Ely, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé ní yunifásítì wọn, pé ó ń ti àwọn òṣìṣẹ́ tó ń daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì náà gbọ́ ẹjọ́, wọ́n dá Ely láre. Wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojúṣe ilé ẹ̀kọ́ àwọn ni kó máa jọ èrò, kó sì máa fẹ́ ẹ, láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti rí ìyá rẹ̀ nídìí ajọ̀ àti atẹ rí mọ̀ pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Ti Ely rọrùn. Ti Edward Ross ni kò rọrùn. Ní 1900, ní Yunifásítì Stanford, Jane Stanford, opó tó bá ọkọ rẹ̀ dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ní òun kò fẹ́ kí Ross kọ́ni níbẹ̀ mọ́. Lára ohun tó fà á ni ọ̀rọ̀ tí Ross sọ lòdì sí àwọn ará Éṣíà tó ń wá ṣiṣẹ́ ní California. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tanú ni, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ àwọn olùkọ́ mìíràn fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà lé e, mo sì gbà pé wọ́n ṣe é re: ẹ̀tanú yẹn, ẹnu ló yẹ kí wọ́n fi já a ní gbangba, kì í ṣe àpò owó ẹnìkan. Láti inú irú ìjà báwọ̀nyí ni ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà ti jáde ní 1915, Edwin Seligman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Columbia, sì wà lára àwọn tó síwájú níbi tí wọ́n ti kọ ìlànà òmìnira ìwádìí sílẹ̀.

ṢE: Ro ẹjọ́ alátakò rẹ bí ẹni pé tìrẹ ni.

Ìmọ̀ràn John Stuart Mill nìyí. Ìwé rẹ̀ lórí ètò ọrọ̀ ajé ti jáde ní 1848. Ní 1859 ló tẹ On Liberty. Ó ní èrò tí o pa lẹ́nu mọ́ lè jẹ́ òtítọ́. Bí kò bá jẹ́ òtítọ́ tán, apá kan òtítọ́ tí tìrẹ kò ní lè wà nínú rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ irọ́ látòkè délẹ̀, òtítọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá jà sí mọ́ yóò di àkọ́sórí lásán, kò ní ní ẹ̀mí nínú mọ́. Ẹni tó mọ ẹjọ́ tirẹ̀ nìkan kò tíì mọ ìyẹn pàápàá.

Ohun kan wà nínú ìwé náà tó dùn mí, n kò sì lè kọjá rẹ̀. Láti ọmọ ọdún 17 ni Mill ti ń ṣiṣẹ́ fún East India Company, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó jọba lé Íńdíà lórí, ó sì lo ọdún 35 níbẹ̀. Nígbà tó wá ń kọ̀wé nípa òmìnira, ó yọ àwọn ènìyàn tó kà sí ẹni tí ojú kò tíì là kúrò: ó ní ìjọba afipájẹ tọ́ sí wọn títí dìgbà tí wọ́n á lè fi ìjíròrò gbọ́n. Ọdún 1859 yẹn gan-an, ní oṣù Kejìlá, Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta láti ilé ìtẹ̀wé Henry Townsend. Àwọn Ẹ̀gbá ń ka ìròyìn lédè ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìgbìmọ̀ wọn ti ń jiyàn ọ̀rọ̀ ìlú tipẹ́ kí ìwé tó dé. Àwọn tí Mill ń dájọ́ fún, kò gbọ́ tẹnu wọn. Òfin tó fi lélẹ̀ fún ẹlòmíràn ló rú.

MÁ ṢE: Má kó ọgbọ́n sínú akèrègbè kan.

Ìjàpá ṣe é rí. Ó kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó gbé e kọ́ àyà, ó fẹ́ gun igi lọ fi pamọ́, akèrègbè kò jẹ́ kó gùn ún. Ẹnìkan tó ń kọjá lọ ló ní kó gbé e sẹ́yìn: ọgbọ́n yẹn kò sí nínú akèrègbè. Mo máa ń rántí ìtàn yìí bí mo bá ń ka àpilẹ̀kọ tí Friedrich Hayek kọ ní 1945 lórí bí àwùjọ ṣe ń lo ìmọ̀. Ó ní ìmọ̀ tí ìlú nílò jù kò sí ní ọ́fíìsì kankan. Ó fọ́n ká sọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, olúkúlùkù pẹ̀lú díẹ̀ tirẹ̀. Alájàpá mọ ọ̀nà tó bàjẹ́ láàárọ̀ yìí. Mínísítà kò mọ̀ ọ́n. Iye tí alájàpá bá dá lé ọjà rẹ̀ ni yóò fi sọ fún gbogbo ayé.

Bí o bá fẹ́ gbèrò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, lọ bi wọ́n. Wolfgang Stolper, tó wá sí Èkó láti bá wọn ṣètò ìdàgbàsókè Nàìjíríà ti 1962 sí 1968, pe ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní Planning Without Facts. Àkọlé yẹn nìkan tó ẹ̀kọ́.

MÁ ṢE: Má fìyà jẹ ẹni tó mú iye wá.

Ìjọba Soviet ka ènìyàn ní 1937. Iye tó jáde kéré sí èyí tí Stalin ti ń kéde, nítorí ìyàn ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Wọ́n fagi lé ètò ìkànìyàn náà, wọ́n kó àwọn tó ṣe é, wọ́n yìnbọn pa àwọn kan lára wọn. Nikolai Kondratiev, tó dá ilé ìwádìí nípa ọrọ̀ ajé sílẹ̀ ní Moscow ní 1920, ti wà ní àtìmọ́lé láti 1930. Ó ti sọ pé ọrọ̀ ajé àwọn oníṣòwò ìwọ̀-oòrùn ń lọ sókè sódò bí ìgbì, láàárín nǹkan bí ogójì sí ọgọ́ta ọdún, bó bá ṣubú á tún dìde. Ìdìde yẹn ni wọn kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n pa á ní 1938.

MÁ ṢE: Má rò pé òtítọ́ á ta ara rẹ̀.

Ní 1919, adájọ́ Oliver Wendell Holmes ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé ohun tí a lè fi mọ òtítọ́ ni pé kó lè borí nígbà tí òun àti àwọn èrò yòókù bá jọ wọjà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe ìjíròrò ní ọjà. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, tó mọ ọjà ju adájọ́ lọ, kò gbà á bẹ́ẹ̀ kíákíá. Aaron Director, onílé alẹ́ ọjọ́sí, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1964. Coase náà kọ ní 1974. Coase bi àwọn akọ̀wé àti oníròyìn ní ìbéèrè tó mú bí abẹ: ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ìjọba máa yẹ oúnjẹ àti oògùn wò nítorí pé oníbàárà kò mọ èyí tó dára, kí ló dé tí ẹ fi gbà pé oníbàárà yìí kan náà yóò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òtítọ́? Ó ní kí wọ́n fi ojú kan náà wo ọjà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ oníròyìn kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìbéèrè náà ṣì wà nílẹ̀.

Àwọn baba wa ti ṣáájú gbogbo wọn débẹ̀: òtítọ́ dọ́jà, ó kù tà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ wà nínú iṣẹ́ George Akerlof ti 1970 lórí ọkọ̀ àlòkù. Níbi tí ẹni tó ń rajà kò bá ti lè mọ ọkọ̀ tó dára yàtọ̀ sí èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, iye tó máa san kò ní tó iye ọkọ̀ tó dára. Ẹni tó ní ọkọ̀ gidi á gbé tirẹ̀ kúrò lọ́jà. Jákujàku ló máa ṣẹ́kù. Òǹkọ̀wé tó lo oṣù mẹ́ta lórí ìròyìn kan, tó rí i pé irọ́ tí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́ta hun ń gba iye kan náà pẹ̀lú tòun, òun náà á gbé tirẹ̀ kúrò.

Kí la wá fẹ́ ṣe? N kò ní ká ti ọjà pa. Ẹni tó ń lọ ra tòkunbọ̀ kì í dá lọ, mẹkáníìkì ni í mú dání. Bí ìròyìn bá dé sórí fóònù rẹ, bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́, bèèrè ibi tó ti rí iye tó kà sílẹ̀, bèèrè ohun tí yóò jẹ níbẹ̀ bí o bá gbà á gbọ́. Bí o bá sì rí oníròyìn tó ń ṣe iṣẹ́ gidi, sanwó fún un. Ọwọ́ ẹni tó ń rajà ni gbogbo rẹ̀ wà.

MÁ ṢE: Má fi ìkọ̀sílẹ̀ kan ṣe ìdájọ́ ìkẹyìn.

Àpilẹ̀kọ Akerlof yẹn, ìwé àtìgbàdégbà mẹ́ta ló kọ̀ ọ́. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni. Òmíràn ní bí èyí bá jóòótọ́, gbogbo ètò ọrọ̀ ajé á yí padà. Ìkẹrin gbà á. Ní 2001 ó pín ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Olóòtú, ka àpilẹ̀kọ tí o fẹ́ dá padà lẹ́ẹ̀kan sí i.

ṢE: Fi ìmọ̀ tọrẹ, kí o sì ronú nípa ẹni tó gbé ẹrù rẹ̀.

Iṣu tí mo bá jẹ kò sí fún ọ mọ́. Ọ̀nà tí mo gbà gbin iṣu, bí mo bá kọ́ ọ, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni Paul Romer gbé iṣẹ́ rẹ̀ ti 1990 kà, tó fi ṣàlàyé ìdí tí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè fi lè máa pọ̀ sí i láìdúró. Ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ dé ní 2018. Kenneth Arrow ti rí ìhà kejì rẹ̀ ní 1962. Bí o bá fẹ́ ta àṣírí, oníbàárà á ní kí o kọ́kọ́ sọ ọ́ kóun mọ̀ bóyá ó tó owó. Bí o bá sì ti sọ ọ́, ó ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọjà nìkan kò fi lè gbọ́ bùkátà ìwádìí, tí ilé ẹ̀kọ́ àti àpò ìlú fi gbọ́dọ̀ dá sí i.

ṢE: Gba èrò sílẹ̀ kí ọ̀gá tó la ẹnu.

Timur Kuran, tó dàgbà ní ilẹ̀ Tọ́kì, kọ Private Truths, Public Lies ní 1995. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ìṣubú àwọn ìjọba kọ́múníìsì ní Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ní 1989 fi bá gbogbo ayé lójijì. Olúkúlùkù ti mọ ohun tó wà nínú òun, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ni gbogbo wọn ń pa ní gbangba, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti sú aládùúgbò òun náà. Mo ti jókòó nínú ìpàdé bẹ́ẹ̀, níbi tí gbogbo wa mi orí sí ohun kan, tí a dé ìta tí gbogbo wa ń ráhùn. Èmi náà mi orí. Láti ìgbà náà, níbi tí mo bá ti ń darí, bébà kékeré ni mo máa ń pín káàkiri, kò sí orúkọ lára rẹ̀, àgbà ló sì máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

ṢE: Jẹ́ kí wọ́n pe ebi lórúkọ.

Ọdún 1943 kan náà tí Ames ń jà lórí bọ́tà, ebi ń pa ènìyàn ní Bengal, ní Íńdíà, lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Mílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta ló kú. Òfin ogun kò jẹ́ kí ìwé ìròyìn sọ̀rọ̀ tán. Ian Stephens, olóòtú The Statesman ní Calcutta, wá ojú ihò kan: òfin kò dárúkọ àwòrán. Ní oṣù Kẹjọ ó tẹ àwòrán àwọn tó ń kú lójú títì jáde. Ní oṣù Kẹwàá ó kọ̀wé ta ko ìjọba ní gbangba, ọ̀rọ̀ dé London, ìrànlọ́wọ́ gidi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà ní Bengal nígbà náà, Amartya Sen. Ó dàgbà di onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ó tú àkọsílẹ̀ ọdún náà wò, ó sì fi hàn ní 1981 pé oúnjẹ kò dín tó bẹ́ẹ̀ ní Bengal. Owó tí tálákà fi máa rà á ni kò sí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ìyàn ńlá kì í ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dìbò tí oníròyìn sì lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn tí ebi ń pa ń kọjá lójúde wọn, bàbá rẹ̀ àgbà fún un ní agolo sìgá kan, ó ní kó máa bu ìrẹsì ẹ̀kún agolo kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tó bá tọrọ.